Ta Ló Ń Gbé Ọ̀rọ̀ Etídò Jáde?

Bí ẹ bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ fún alágbàfọ̀ àdúgbò wa, kò ní í kọ́kọ́ kí yín. Ó máa tẹ́ aṣọ náà sórí káńtà, ó máa yẹ kọ́là wò, ó máa yẹ abẹ́ apá wò, ó máa fi ìka tọ́ ibi tí àbààwọ́n wà, ó sì máa ní kí ẹ̀yin náà fojú ara yín rí i. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ pé, "Ẹ káàárọ̀." Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé agbéraga ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fọṣọ fáráyé, ó sì ti rí oríṣiríṣi èèyàn tó gbé aṣọ tó ti ya wá, tí wọ́n dúró gbọin pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló ya á. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti kọjá oògùn, ó ti fi ń ṣe oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tá a fi sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́-n-wò-ó.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òpópónà tó dà sódò. Yàrá kan gbọọrọ ni. Káńtà ló wà níwájú, pẹ̀lú irin gígùn tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́; tábìlì ìlọṣọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró tì wà láàárín; àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ńláńlá wà lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ń mi ilẹ̀ tìtì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ooru omi gbígbóná máa ń bo gíláàsì fèrèsé débi pé ará ìta kò ní í rí ará inú. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, alágbàfọ̀ á yọ́ jáde, á sọdá títì, á lọ jókòó sétídò kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lára.

Etídò yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo wa ni. Nígbà kan, ibẹ̀ làwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn kásẹ̀ nílẹ̀, koríko gba ibẹ̀, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ di ààtàn. Àwọn òbí wa ló ṣán an, tí wọ́n gbin igi sí i, tí wọ́n kan bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn látinú àìsàn ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́bàá omi. Alágbàfọ̀ máa ń sọ pé ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìyàwó rẹ̀ á ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ ló bá òun sọ lọ́jọ́ náà, òun lòun fi ìfẹ́ sí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ náà, etídò lowó oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Onífọ́tò ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ ṣòkòtò péńpé ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ó máa ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á máa ya àwọn tọkọtaya tuntun àtàwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé lẹ́bàá omi. Àmọ́ látìgbà tí oníkálùkù ti ní fóònù tó ń yàwòrán, iṣẹ́ ti dá wáí. Ó kàn máa ń jókòó ni, òun àti alágbàfọ̀ á jọ máa bú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí n sọ. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, alágbàfọ̀ ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lójú òun. Bó bá wọlé, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò ìyàwó á máa jẹnu lásán. Bó bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ, wọ́n á tún un sọ, lójú tirẹ̀, èyí tí wọ́n tún sọ yàtọ̀ sí tàkọ́kọ́. Kò bá wọn jà. Ó kàn ń kó o pa mọ́ sínú.

Ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan pe gbogbo àdúgbò sí gbọ̀ngán ilé-ìwé. Wọ́n gbé tábìlì sáàárín, wọ́n fi gíláàsì bò ó, àwòṣe etídò wa ló wà lábẹ́ rẹ̀: àwọn ilé gogoro tí wọ́n fi ike funfun ṣe, odò aláwọ̀ aró, àti ọgbà ìgbafẹ́ tín-ín-rín kan tí àwọn èèyàn tí kò ju èékánná lọ ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló ń ṣàlàyé. Ó ní àwọn ò wá gba etídò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ńṣe làwọn fẹ́ tún un ṣe. Àwọn á kọ́lé, àwọn á sì ṣe ọgbà tí gbogbo ìlú á máa gbádùn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Alágbàfọ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ó ti tẹ̀ ba sórí gíláàsì náà, ó ń wò ó bí ẹni ń wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tá a máa gbà wọ ọgbà náà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀nà máa wà, bàbá."

"Ọ̀nà wo? Ilé ló yí i po. Ṣé inú pálọ̀ olówó la máa gbà kọjá ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé pé ó tún ti gbé e dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní àwọn ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Alágbàfọ̀ padà sórí ìjókòó, ó ń wo ẹnu àwọn tó wà níwájú. Ó dá a lójú pé òun ni wọ́n ń sọ.

Àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn àwọn kan. Ẹni tó kọ́kọ́ wá bá a nílé ni Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń bójú tó ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn ní sàkání wa, torí pé ìhòòhò ló kọ́kọ́ rí ọ̀pọ̀ wa. Ó ní òun náà ti ro ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn títí, kò yé òun. Báyìí la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. A ò ní kí wọ́n má kọ́lé o. Ohun tá a ń fẹ́ ni pé kí wọ́n fi ilé jìnnà sómi, kí wọ́n fi àwọn igi sílẹ̀, kí etídò wà gbayawu láìsí géètì. Pálọ̀ Nọ́ọ̀sì la ti ń ṣèpàdé. Alágbàfọ̀ àti Onífọ́tò kì í pa á jẹ.

Ohun tá a kọ́kọ́ dá lábàá ni pé ká pe káńsẹ́lọ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, kó wá fojú ara rẹ̀ rí bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó létídò. Kí Sátidé tó pé, ilé-iṣẹ́ akọ́lé ti gbé e wá lọ́jọ́ iṣẹ́, nígbà tí kálukú wà níbi iṣẹ́, táwọn ọmọ wà nílé-ìwé. Ajá kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀. Nígbà tí ìwé ìpè wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní òun ti débẹ̀, ibẹ̀ dá páropáro.

A ní bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. A tún ṣèpàdé, a pinnu pé ká bẹ ẹ̀ka tó ń rí sí igi ní kánsù kí wọ́n wá ṣàmì sáwọn igi àtijọ́ létí omi, kí ẹnikẹ́ni má lè gé wọn. Òṣìṣẹ́ kánsù ní òun ń bọ̀ lọ́la. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ariwo ayùn ló jí wa. Ká tó débẹ̀, igi méjì tó tóbi jù ti wà nílẹ̀ gbalaja. Àwọn tó gé wọn ní ìkán ti jẹ inú igi náà, àwọn ò fẹ́ kó wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan kùkùté. Ó funfun nini, omi ṣì ń sun lára rẹ̀.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ni Nọ́ọ̀sì sọ nígbà tó dìde.

Láti ọjọ́ náà, ìpàdé wa ò dùn mọ́. Bá a bá dé pálọ̀, a máa pa fóònù, a máa kó o sínú agbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀, a máa ń wo bó ṣe pẹ́ tó. Bí ẹnì kan bá béèrè ìbéèrè jù, a ó ní kí ló fẹ́ fi í ṣe. Bí kò bá béèrè nǹkan kan, a ó ní ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá láti kí ara wa lójú títì.

Alágbàfọ̀ ló rí Onífọ́tò. Ó ń kọ́ aṣọ sára irin nítòsí fèrèsé, ó fọwọ́ nu gíláàsì, ó wòta. Mọ́tò ilé-iṣẹ́ akọ́lé ló dúró ní kọ́nà, kò dúró níwájú ilé ẹnì kankan, Onífọ́tò bọ́ọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fẹsẹ̀ rìn relé. Alágbàfọ̀ fi aṣọ bojú. Ní ìrọ̀lẹ́, ó bi í ní tàwàdà pé ibo ló lọ lọ́sàn-án. Onífọ́tò ní ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín lòun lọ.

"Ṣé eyín ń dùn ẹ́ ni?"

"Ó ti lọ báyìí."

Ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Gbogbo nǹkan tí alágbàfọ̀ ti ń kó pa mọ́ sínú wá tò tẹ̀lé ara wọn. Ó rántí pé Onífọ́tò máa ń dákẹ́ lórí fóònù bí òun bá dé. Ó rántí pé ó ti ra báàgì kámẹ́rà tuntun. Kódà, kò bú agbábọ́ọ̀lù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó rò ó títí, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí ìpàdé tún pé, tí gbogbo wa ti jókòó, ó dìde.

"Ọ̀rẹ́ mi, sọ fún wọn, mọ́tò ta lo wọ̀ wálé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Onífọ́tò wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Tiwọn ni. Wọ́n ní kí n wá ya etídò fún àwọn, wọ́n fẹ́ fi polówó ilé. Mo yà á. Iṣẹ́ ni."

"Igi wa ńkọ́?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ igi. O mọ̀ mí."

"Mo rò pé mo mọ̀ ẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ pẹ̀tù sí i, àmọ́ a ò gbà fún un. Ọkùnrin náà ti purọ́ eyín, ta ló máa gbà pé kò purọ́ igi? Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó kọjá láàárín wa. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rọra sọ nǹkan kan. Alágbàfọ̀ ní kí ló wí. Kò sẹ́ni tó tún un sọ fún un, ojú ń ti kálukú.

A rò pé ó parí. Kánsù dájọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ etídò ní gbangba, a sì ṣàdéhùn pé ká tètè lọ ní kùtùkùtù ká gba ìjókòó. A dé ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, la bá rí i pé gbọ̀ngán ti kún. Àwọn tá ò mọ̀ rí ló jókòó fọ́fọ́, wọ́n wọ ẹ̀wù kan náà tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ akọ́lé sí láyà. Ìta la dúró sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé alága kánsù kò lè wá lọ́jọ́ náà, wọ́n sún un síwájú. Àmọ́ Onífọ́tò kò sí láàárín wa nígbà tá a ṣe àdéhùn yẹn. A wọ bọ́ọ̀sì padà. Nọ́ọ̀sì ń wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì lọ gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹ̀rọ ń dún kíkankíkan. Alágbàfọ̀ kọ̀yìn sí káńtà, ó ń lọ ṣòkòtò, ó ń sọ ìpàdé tó kàn fún ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì borí ohùn ẹ̀rọ. Ó ní a ò ní pàdé nílé Nọ́ọ̀sì mọ́, ilé mẹkáníìkì la máa lọ, ìwé táwọn olórí ilé-ìwé fọwọ́ sí la sì máa kọ́kọ́ kà ní kánsù. Ìyàwó ń ṣẹ́jú sí i. Alágbàfọ̀ ní, "Kí ló wọ̀ ẹ́ lójú?" Ẹni tí ìyàwó ń fojú tọ́ka sí wà níwájú káńtà: dírẹ́bà ilé-iṣẹ́ akọ́lé, tó gbé ìdì aṣọ iṣẹ́ wọn wá bó ṣe máa ń gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó fọwọ́ lérán, ó ń gbọ́ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò.

Nọ́ọ̀sì pe alágbàfọ̀. Ó tún un pè. Kò yíjú. Nọ́ọ̀sì dúró títí dírẹ́bà fi lọ, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó pa àwọn ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kò sẹ́ni tó ń tú wa fó. Ẹ̀yin lẹ ń kéde."

Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bí i. Ó ní ó ti yé òun, wọ́n fẹ́ bo Onífọ́tò láṣìírí, Nọ́ọ̀sì àti ìyàwó òun ti jọ dì í. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sógiri, ó ń ká aṣọ, ó sọ̀rọ̀.

"Kí lo sọ?" ni alágbàfọ̀ bi í.

Obìnrin náà yíjú sí i. "Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún yín pé etí yín ń di, ẹ ní mò ń wá ìjà. Bá a bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀ ń bínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́ yín títí dé ojú títì."

Alágbàfọ̀ wá bi wọ́n ní ohun tí Onífọ́tò sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́sí. Nọ́ọ̀sì ò fẹ́ sọ ọ́. Ìyàwó ló sọ ọ́, torí gbogbo àdúgbò ti gbọ́: "Ẹni tó ń fọṣọ wọn ló ń bú ẹni tó ya fọ́tò wọn."

Alágbàfọ̀ ní iṣẹ́ niṣẹ́, ìdọ̀tí ò mọ ọ̀gá. Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ó wá ibi tó máa jókòó sí, orí ìdì aṣọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ akọ́lé ló bọ́ sí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ti pa òwe yìí fáwọn ọmọ rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Síbẹ̀, kò gbà tán. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan lódì kejì ìlú, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ Nọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti kọ́ dókítà lóhun tó máa sọ. Wọ́n fi í sí yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bò ó létí, wọ́n ní kó máa nawọ́ sókè bó bá ti ń gbọ́ ìró. Ó jókòó, ó ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ń retí títí, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló nawọ́. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣílẹ̀kùn, ó ní ó ti parí.

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀," ni alágbàfọ̀ sọ.

Obìnrin náà jókòó tì í, ó rọra ṣàlàyé fún un. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń kọrin nídìí tábìlì ìlọṣọ. Kò mọ̀ pé ó máa ń kọrin.

Kí ọjọ́ kánsù tó pé, ó ránṣẹ́ sí wa pé a ò gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun fún òun. Nọ́ọ̀sì nìkan ló mọ ibi tá a máa gbà yọ. Lọ́jọ́ náà, a ríbi jókòó sí. Alágbàfọ̀ jókòó lẹ́yìn àwọn lọ́yà ilé-iṣẹ́ akọ́lé. Nígbà tí wọ́n forí korí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó tẹ́tí sí wọn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń sọ.

Nọ́ọ̀sì dìde, ó béèrè ìbéèrè kan náà: ibo la máa gbà wọ ọgbà? Ọ̀dọ́mọbìnrin olóhùn tútù ní géètì kan máa wà pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́, nítorí ààbò. Alága béèrè pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Ó ní ọwọ́ àwọn aláṣẹ ilé náà ni. Ariwo sọ. Lójú ẹsẹ̀ la ti rí i pé ojú káńsẹ́lọ̀ tó rí ajá yẹn ti yí padà.

A ò gba gbogbo ohun tá a béèrè. Kánsù ní kí wọ́n fa ilé sẹ́yìn, etí omi láti ìdí òpópónà wa títí dé abẹ́ afárá jẹ́ ti ìlú, kò gbọ́dọ̀ sí géètì tàbí ọgbà onírin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi táwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ akọ́lé. Àwọn ọmọ ń bi wá pé kí la jà fún. Ẹni tó bá ní ìdáhùn kó fún wọn.

Alágbàfọ̀ ò bá wa yọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ilé Onífọ́tò ló lọ. Ó bá a nínú yàrá tó ti ń yàwòrán, ó ń nu gíláàsì ojú kámẹ́rà. Kò ní kó jókòó. Alágbàfọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ ti aṣọ iṣẹ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ti fi nǹkan sí ẹ létí," ni Onífọ́tò sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa, wàá gbọ́ èyí dáadáa. Ká ní o wá bi mí níhìn-ín, bá a ṣe wà yìí, ǹ bá sọ fún ẹ. Ojú ń tì mí pé mo gba iṣẹ́ náà ni. Àárín èrò lo ti bi mí."

"Mo jẹ̀bi."

"O jẹ̀bi," ni Onífọ́tò dáhùn, ó sì ń nu gíláàsì rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti parí ilé àkọ́kọ́ báyìí. Onífọ́tò ti padà sétídò, àmọ́ bẹ́ǹṣì tirẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń juwọ́ sí alágbàfọ̀ láti ọ̀ọ́kán, alágbàfọ̀ náà á juwọ́ padà, kálukú á gbájú mọ́ omi. A máa ń sọ fún alágbàfọ̀ pé Onífọ́tò ti dárí jì í, kó fọkàn balẹ̀. Kò dá a lójú. Ó ní bóyá ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló fa ọkùnrin náà padà, kì í ṣe òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Onífọ́tò dìde, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó kọjú rẹ̀ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Alágbàfọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ilé gogoro funfun náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn ń kọ lára fèrèsé rẹ̀. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì, òun tàbí ilé náà, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà, kò sì tíì béèrè.